Ohun Tí Ẹ Ń Tọrọ Ń Jóná Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ àánú fáwọn ọmọdé ní Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè ẹ̀, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹ má bínú sí mi, ẹ ṣáà kà á tán.

Bí iléèwé bá ti fẹ́ gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ló máa ń rìn káàkiri orí WhatsApp. "A fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ aláìní níṣẹ́ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A nílò kádíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ oríṣiríṣi, gọ́ọ̀mù, gílítà, ìlẹ̀kẹ̀, ríbọ́ọ̀nù. Ohunkóhun tí ẹ bá ní, kò kéré jù." Nọ́ńbà àkáǹtì á tẹ̀lé e. Àwòrán ọmọ kan tí ikun ń ṣàn nímú ẹ̀ á tẹ̀lé nọ́ńbà àkáǹtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò ní gbúròó mọ́. Tá a bá béèrè, wọ́n á ní owó ò pé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn jáde gan-an, télọ̀ ń bẹ ní Ẹ̀pẹ́ tó ń gbá àgékù aṣọ jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣáná sí i. Àǹkárá, léèsì, sátíìnì, gbogbo ẹ̀ ló ń jó lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìyẹn lọ. Ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ ò wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó máa dìde, tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́, tó máa kí i dáadáa, tó máa tọrọ, tó sì máa padà wá kó o lọ́jọ́ tó dá, òun ló wọ́n. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ gílítà. Ó kàn mí nítorí àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìjọba, lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lọ síléèwé, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Tíṣà á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú abẹ̀bẹ̀ tàbí agbọ̀n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyá ọmọ á sáré bọ́ sọ́jà lálẹ́ Sátidé, á ra èyí tí ẹlòmíì ti hun sílẹ̀. Ọmọ á gbé e lọ, á gba máàkì lórí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ò kàn rí. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò rówó rà á, ó di kó na ọwọ́ gba ẹgba. Ọmọ méjèèjì ni wọ́n rẹ́ jẹ: ọ̀kan gba ẹgba, ìkejì gba irọ́, kò sì sí èyí tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan.

Ìdí nìyẹn tí ètò ọlọ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ń ṣe nígbà ìsinmi fi ṣe pàtàkì. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá sún un síwájú torí pé gílítà ò tíì dé, kí lẹ fẹ́ ká pe ìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká rìn yí Ẹ̀pẹ́ ká díẹ̀, ká wo ohun tó wà nílẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú tí ayẹyẹ ń wọ́n. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ní tiwọn, Èkó Ẹ̀pẹ́ ní tiwọn. Ọdún Kayokayo nìkan, tí Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851, tó láti mú kí télọ̀ má sùn lóru. Aṣọ ẹbí lọ́tùn-ún, aṣọ ẹgbẹ́ lósì. Kò sí aṣọ tí wọ́n á gé tí kò ní ṣẹ́ kù. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó gùn bí ìgbànú, òun ni wọ́n ń gbá dànù. Ọmọ á fi ṣe bọ́ọ̀lù, á fi ṣe ọmọlangidi, á rán an pọ̀ di báàgì ìwé. Ẹní bá sì ní aṣọ alápapọ̀ ò gbayì, kó lọ wo ẹ̀wù egúngún, kó ka iye àwọ̀ aṣọ tó wà lára ẹ̀, kó tó máa sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ló kàn. Gbogbo kàlẹ́ńdà, gbogbo ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n bá tẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ́ etí ẹ̀. Etí pépà yẹn, òmíì nípọn, òmíì ń dán, òmíì láwọ̀. Kádíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń tọrọ lórí WhatsApp náà nìyẹn, wọ́n kàn ti gé e tóóró ni. Ẹ ò rí i pé bó ṣe rí tóóró yẹn ló ṣe dáa fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ẹní?

Ọ̀dọ̀ káfíńtà, ẹ máa rí èékù pákó. Ẹ yọ ìṣó tó bá wà lára ẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha á, ó di ayò, ó di fírémù àwòrán.

Lọ́jà Olúwo, níbi tí gbogbo Èkó ti ń wá ra ẹja, àwọn tó ń bá èèyàn ha ìpẹ́ ẹja wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ wo òkìtì ìpẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìpẹ́ ẹja ńlá, tí wọ́n bá fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ léraléra, tí wọ́n sá a gbẹ, kì í rùn mọ́. Ó ń gba aró, abẹ́rẹ́ gbígbóná sì ń lu ú. Òdòdó ni, yẹtí ni. Àwọ̀n tó ti gbó, tí apẹja ò lè tún ṣe mọ́, òun náà wà létí omi, ó sì ń pa ẹja lásán tó bá já bọ́ sínú ọ̀sà. Ẹ kó o kúrò níbẹ̀, ẹ ti ṣoore méjì.

Lórí ọ̀sà fúnra ẹ̀, gbéborùn ń bẹ. Ewéko yẹn wọ omi Nàìjíríà láti ìhà Àgbádárìgì ní 1984, àtìgbà náà ló ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tó ń dí àwọ̀n apẹja. Àwọn èèyàn ń gégùn-ún fún un, ṣùgbọ́n Achenyo Idachaba rí i, ó ní òun rí ọrọ̀. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Sábó, n'Ìbàdàn. Ó ń gé igi gbéborùn, ó ń sá a sóòrùn títí á fi gbẹ, ó ń di í lókùn, ó ń fi hun agbọ̀n, àpò àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé, ó sì ń kọ́ àwọn tó ń gbé létí omi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lórí ẹ̀ ń jẹ́ MitiMeth. Kò tọrọ ríbọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí n má gbàgbé bánà òṣèlú. Ìbò 2023 ti lọ tipẹ́, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín sí wa lórí ògiri. Ọ̀rá bánà yẹn lágbára, omi ò lè wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ gé e, ẹ rán an, ó di báàgì tí òjò ò ní fi ba ìwé ọmọ jẹ́. Ó kéré tán, òṣèlú náà á ti ṣe nǹkan kan fún wa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí. "Ṣé torí pé ọmọ tálákà ni, ìdọ̀tí lẹ fẹ́ máa kó fún un?" Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò sì ní fojú kéré ẹ̀. Ẹ̀yà oore kan wà tó jẹ́ pé èébú ni: ká kó bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan àti ìwé tí ekuru ti bò fún ọmọ aláìní, ká wá ní kó dúpẹ́ níwájú kámẹ́rà. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀. Òṣùwọ̀n ẹ̀ ò le: ṣé ẹ lè gbé e fún ọmọ tí ẹ bí nínú yín? Tí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Kí aṣọ mọ́, kí pákó má ní ẹ̀gún, kí ìpẹ́ má rùn. Sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tí kò lè ṣe ọmọ léṣe, ibẹ̀ sì ni kí ẹ fi owó díẹ̀ tí ẹ bá rí ná sí.

Ṣùgbọ́n ká tó máa pe àgékù ní ìdọ̀tí, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ọnà tiwa ti wá. Adìrẹ ẹlẹ́kọ tí gbogbo ayé ń sá tẹ̀ lé lónìí, kí ni wọ́n fi ṣe é? Ẹ̀kọ láfún tó ní álọ́ọ̀mù nínú ni, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì fi ń ya á. Àwọn tó fẹ́ kó yá kíá, páànù tín-ín-rín inú àpótí tíì ni wọ́n tú, wọ́n gbẹ́ ẹ ní bátànì. Adìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń dì í. Ẹ wò ó dáadáa: oúnjẹ, ìyẹ́, páànù àpótí, ìko. Kò sí èyí tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọ lẹ́tà sí òkè òkun pé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Nike Davies-Okundaye dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́. El Anatsui, ará Gánà tó fi Nsukka ṣelé, ìdérí ìgò ọtí ló ń so pọ̀. Ní October 2023, ìdérí ìgò yẹn kún gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìdọ̀tí ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó yé wa: àgékù lólówó. Pé ẹnì kan fẹ́ da nǹkan nù ò sọ pé ẹ lè já wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kẹ́ ẹ máa kó o. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú ìnáwó ọdún. Ọ̀dọ̀ yín la wá." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ télọ̀ ní alága, wọ́n sì ní ọjọ́ ìpàdé; ẹgbẹ́ káfíńtà náà ní. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé ara yín. Ẹ má lọ di ẹrù tuntun ru àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n máa bá yín ṣa aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ máa gbé àpò wá, ẹ̀yin lẹ máa padà wá gbé e, ẹ̀yin lẹ máa ṣà á. Tí ẹ bá dá ọjọ́ Fúráìdé, kó jẹ́ Fúráìdé. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá wá, iná ni.

Ẹ sì máa wò ó dáadáa, torí àwọn nǹkan kan wà tí ẹlòmíì ti ń jẹun nídìí ẹ̀. Ike omi tí a ń jù nù, àwọn kan ń ṣà á tà. Láàárín Èkó, iléèwé kan wà l'Ájégúnlẹ̀, Morit International School, tí àwọn òbí ti ń fi ike san owó iléèwé ọmọ wọn. Ẹni tó bá wá lórúkọ àánú, tó lọ ṣa ike níwájú ẹni tó ń fi ike bọ́ ọmọ, aláàánú wo nìyẹn? Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí kò lólùfẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ pọ̀ tó láti kún yàrá kan.

Èyí tó ń dùn mí jù ló kù yìí. Ẹ ti gbọ́ gbólóhùn náà rí: "Ẹ ṣe é fún Ọlọ́run, Mà." Ẹ ó rówó tẹ bánà aláwọ̀ mẹ́rin tó ní àwòrán olùdásílẹ̀ àti ọkọ ẹ̀. Ẹ ó rówó tí-ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó sanwó fún oníkámẹ́rà, torí oníkámẹ́rà ò gba "ṣe é fún Ọlọ́run". Ìyá tó máa jókòó ti ogójì ọmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó máa fọwọ́ ẹ̀ tọ́ ọwọ́ wọn sọ́nà títí ẹní á fi hun, òun nìkan ni ẹ ò rówó fún. Ẹ óò fún un ní jọ̀lọ́ọ̀fù nínú abọ́ ike, ẹ óò ní Ọlọ́run á san án fún un.

Kò jọ ọ́ rárá. Ohun èlò lè jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọgbọ́n tí èèyàn fi ogún ọdún kọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tí ọmọ bá rí i pé ẹni tó ń kọ́ òun níṣẹ́ ọwọ́ ni wọn ò ka sí jù níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó máa mú relé nìyẹn, kì í ṣe ti agbọ̀n. Á lọ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ò níyì. Torí náà, owó tí ẹ bá fi pamọ́ nítorí pé ẹ ò ra kádíbọ́ọ̀dù mọ́, ẹ gbé e fún olùkọ́. Tí kò bá tó, ẹ fi ti bánà kún un.

Àwọn kan ò sì ní gbà títí wọ́n á fi gbọ́ pé òyìnbó ń ṣe é. Ó dáa, òyìnbó ń ṣe é. Ní 1978, ní New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Angela Fremont ń bá ọ́fíìsì àṣà ìlú náà ṣiṣẹ́. Ọgbà ẹranko tó wà ní Central Park nílò fíríìjì tí wọ́n máa fi tọ́jú oògùn ẹranko, owó ò sì sí. Ó gba orí rédíò béèrè bóyá ẹnì kan ní èyí tí kò lò mọ́. Àwọn èèyàn dáhùn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìlú tó kún fún ẹni tó ń wá nǹkan kún fún ẹni tó ń wá ibi tó máa kó nǹkan sí pẹ̀lú. Bí Materials for the Arts ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni, ní Queens. Iléeṣẹ́ tí aṣọ, bọ́tìnnì, pépà tàbí ọ̀dà bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ ń kó o wá. Iléèwé ìjọba àtàwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tìtorí èrè ń wá kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba ìlú ló ń darí ẹ̀. Ní Reggio Emilia, lórílẹ̀-èdè Ítálì, wọ́n ní irú ẹ̀, Remida, láti 1996.

Mi ò ní ká kọ́ ilé ìkẹ́rùsí bíi ti Queens. Yàrá kan péré ni mò ń sọ. Ohun tó ń pa iṣẹ́ àánú wa ni pé olúkúlùkù ń dá ṣe. Ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lódo lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ lódo lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ní àgékù aṣọ jù ò mọ ẹni tó ń wá a. Ẹ fojú inú wò ó, yàrá kan ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n to àpò sí: ti Àǹkárá lọ́tọ̀, ti léèsì lọ́tọ̀, etí pépà, èékù pákó, ìpẹ́ ẹja tó ti gbẹ. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sí. Ẹgbẹ́ tó bá kó nǹkan gbọ́dọ̀ mú ọmọ mélòó kan padà lọ fi ohun tí wọ́n ṣe han télọ̀ tàbí káfíńtà tó fún wọn. Ìyẹn nìkan lowó.

Ta ni yóò gbé yàrá yẹn kalẹ̀? Ẹ̀pẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Nóforíjà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ Michael Otedola wà kó tó di ara yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022, ò jìnnà sígboro. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà níbẹ̀ náà nílò ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí kádíbọ́ọ̀dù ń gbà lọ́wọ́ wọn. Iléèwé ńlá tó ń tọ́ olùkọ́ ò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò ní yàrá kan fún iṣẹ́ tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an. Tí wọn ò bá sì dáhùn, mọ́sálásí ní yàrá, ṣọ́ọ̀ṣì ní yàrá. Yàrá ò wọ́n tó ìfẹ́ inú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìlú àgbà ni Ẹ̀pẹ́. Àkísà ẹ̀ pọ̀, ọrọ̀ sì ni fún ọmọ tó bá rí ẹni kọ́ ọ.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́. Ẹ yọ àwòrán ọmọ ọlọ́mọ kúrò níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò gbà fún yín. Ẹ wá àpò ìrẹsì mẹ́wàá tó ti ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá sára ẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tó sún mọ́ yín jù. Tí oṣù kan bá kọjá tí àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì ṣófo, ẹ padà wá bú mi. Tí wọ́n bá sì kún, ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ san owó olùkọ́.